Sí Mínísítà Ètò Ìlera: Ínsúlínì Nìkan Kò Tó

Ọlọ́lá Mínísítà Ètò Ìlera Nàìjíríà,

Ọ̀rọ̀ ẹni tí dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé ó ní àtọ̀gbẹ, tí wọ́n sì kọ ínsúlínì fún, ni lẹ́tà yìí dá lé. Ó kúrò ní ọsibítù pẹ̀lú ìgò oògùn kan, sírínjì díẹ̀ àti ìkìlọ̀ pé kó jìnnà sí nǹkan dídùn. Ìgbà tó délé ni iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ínsúlínì kì í ṣe oògùn tí à ń lò ní ìwọ̀n kan náà nígbà gbogbo. Ẹni tó jẹ àmàlà yó lọ́sàn-án, ẹni tó fẹsẹ̀ rìn lọ sọ́jà tó tún rìn bọ̀, ẹni tí ibà dá wó: ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn kò lè dọ́gba. Ohun tó lè sọ ibi tó dé ni ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń kán ẹ̀jẹ̀ ìka sí, pẹ̀lú sítíríìpù tí wọ́n ń kì bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Sítíríìpù kan, àyẹ̀wò kan. Lẹ́yìn náà, ó di ohun à ń sọ nù.

Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀ wò. Ìgò ínsúlínì 10 ml tó wọ́pọ̀ ní yúníìtì 1,000. Ẹni tó ń gún 40 lójúmọ́ yóò lò ó fún ọjọ́ 25. Bí páálí sítíríìpù bá jẹ́ oní-50, tí ẹni náà sì ń yẹ ara rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mẹrin lójúmọ́, ọjọ́ 12 ni yóò fi tán. Kí ìgò kan tó gbẹ, páálí méjì ti lọ. Abájọ tí àwọn kan fi ń ra oògùn tí wọ́n sì ń fi sítíríìpù sílẹ̀. Àfojúbù ni wọ́n fi ń gún abẹ́rẹ́.

Bí ṣúgà bá sì lọ sílẹ̀ ju 70 mg/dL lọ, ọwọ́ á máa gbọ̀n, òógùn á bo onítọ̀hún, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ lè dàrú. Lójú ará ilé, ayé ló ń ṣe é. Wọ́n á gbé e lọ sí ilé àdúrà. Bẹ́ẹ̀, bó bá ṣì lè gbé nǹkan mì, ṣíbí tíì mẹ́ta sí mẹ́rin ṣúgà tí a pò mọ́ omi ló yẹ kó kọ́kọ́ mu, kí wọ́n sì tún yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15. Ta ló kọ́ wọn?

Ohun tí aládùúgbò kọ́ wọn ni pé kíkorò ló ń lé dídùn, kí wọ́n máa mu omi ewúro. Ewúro dára lọ́bẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ara rẹ̀ kò ṣe ínsúlínì mọ́, tí wọ́n gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tìtorí àgbo, kò ní pẹ́ kú. Bí irú wọn ṣe ń kú nìyẹn kó tó di oṣù kìíní 1922, nígbà tí wọ́n gún Leonard Thompson, ọmọ ọdún 14, ní abẹ́rẹ́ ínsúlínì ní Toronto. Dọ́là kọ̀ọ̀kan péré ni àwọn tó ṣàwárí oògùn náà gbà nígbà tí wọ́n fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ lé yunifásítì ìlú náà lọ́wọ́.

Ní tiwa, láti ìgbà tí náírà ti já wálẹ̀ ní 2023 ni oògùn òkè òkun ti gbówó lórí. Ọdún yẹn náà ni Sanofi, tó ń ṣe ínsúlínì Lantus, kéde pé alágbàtà ni yóò máa bá òun ta ọjà òun níbí. Àṣẹ tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní 2024 láti mú owó-orí kúrò lórí èròjà ìpoògùn, kí wọ́n lè máa ṣe oògùn nílé, dára, àmọ́ ẹni tí ìgò rẹ̀ yóò tán lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ kò lè dúró de ilé-iṣẹ́ tí wọn kò tíì kọ́.

Òfin 2022 ti sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Ẹ jẹ́ kí ètò náà máa san owó ínsúlínì àti sítíríìpù pọ̀, kó má ya ọ̀kan sọ́tọ̀. Ẹ kọ́ nọ́ọ̀sì kan, ó kéré tán, ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé kọ̀ọ̀kan, kó lè kọ́ aláìsàn àti ará ilé rẹ̀. Ní ti iná tí kò dúró: ìwọ̀n 2 sí 8 lórí Sẹ́lísíọ́ọ̀sì ni ìgò tí a kò tíì ṣí ń fẹ́, ìwọ̀n kan náà tí fíríìjì abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọdé ń lò. Ẹ pàṣẹ kí wọ́n ṣílẹ̀kùn rẹ̀ fún ínsúlínì aláìsàn àdúgbò, kí ẹ sì fi owó sítíríìpù sínú ìṣúná tó ń bọ̀.