Eré Kì í Ṣe fún Kíkà Nìkan

Àwọn àgbà ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Ọ̀rọ̀ yìí ló mú kí n kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ SS2 láti Ìkirè-Ilé lọ sí Èkó, kí a lè fojú ara wa rí Glover Memorial Hall ní Customs Street.

Ọdún 1887 ni wọ́n dá gbọ̀ngàn náà sílẹ̀ ní ìrántí John Hawley Glover, ẹni tó ti ṣe gómìnà Èkó rí. Ṣùgbọ́n ìtàn Hubert Ògúndé ló gbé wa débẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 1944, nígbà tó ṣì wà nínú iṣẹ́ ọlọ́pàá, ibẹ̀ ló ti ṣe The Garden of Eden and the Throne of God, eré tí ìjọ Aládùúrà kan fi kówó jọ láti kọ́ ilé ìjọsìn. Ní 1945, ó fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀, ó sì sọ eré ṣíṣe di iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀.

Bí mo ṣe ń ṣàlàyé èyí níwájú ilé náà ni ọmọbìnrin kan bi mí pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ ti rí eré Ògúndé lórí ìtàgé rí?” Mo ní rárá. Ó tún ní, “Èyí tí ẹ ń kọ́ wa nínú ìwé wa ńkọ́, sà?” Ojú tì mí. Ó lé ní ogún ọdún tí mo ti ń kọ́ni ní lítíréṣọ̀, n kò sì fi ọjọ́ kan jẹ́ kí àwọn ọmọ ṣe ìran kan ṣoṣo. Ìtumọ̀ ẹ̀dá ìtàn àti ibùdó ìtàn ni mò ń kọ sójú pátákó. Wọn a há a sórí, wọn a yege, ó parí.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi lè sọ pé àkókò kò tó, pé WAEC kò béèrè eré ṣíṣe. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rántí ọdún 1964. Nítorí eré Yorùbá Ronú, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, tí Ìkirè wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà náà, fòfin de ẹgbẹ́ Ògúndé. Ọdún 1966, lẹ́yìn tí àwọn ológun gbàjọba, ni òfin náà tó kúrò nílẹ̀. Àwọn aláṣẹ mọ ohun tí àwa olùkọ́ gbàgbé: ojú èrò ni agbára eré wà.

Kì í ṣe gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ló lè san owó ọkọ̀ dé Èkó, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí kò ní kíláàsì. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìran kan péré ní sáà kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí a padà dé, a sún àga sẹ́gbẹ̀ẹ́, àwọn ọmọ sì bẹ̀rẹ̀. Láìpẹ́, iyàn dé: ṣé ìbínú ni ìyálé fi sọ ọ̀rọ̀ kan ni, àbí ẹ̀rín? Wọ́n ṣí ìwé padà láti wá ẹ̀rí. N kò rán wọn.

Ẹni tí a kàn ń ròyìn dòdò Ìkirè fún kò tíì mọ adùn rẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ tọ́ ọ wò.