Kámẹ́rà Ìkọ̀kọ̀ àti Ìtàn Rẹ̀

Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Òwe yìí ni a rántí nígbà tí a ń ronú lórí àwọn ará òkè òkun tí ń náwó nára láti kó kámẹ́rà kékeré àtijọ́ jọ, irú èyí tí a ṣe bí aago àpò tàbí bọ́tìnì aṣọ, kí ẹni tí a ń yà má baà mọ̀. Àwọn kan ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín pé ohun ìṣeré ni. Àwa kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n a ní ọ̀rọ̀ kan láti sọ: kámẹ́rà tí a kó pamọ́ láìsí ìtàn rẹ̀, ìkarahun lásán ni.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ yẹ iṣẹ́ ọwọ́ náà wò. Ní ọdún 1886 ni kámẹ́rà abẹ́ wẹ́ẹ́sìkóòtù tí Robert D. Gray dá sílẹ̀ ní New York jáde, tí ilé-iṣẹ́ Stirn sì ń tà á. Ó rí roboto, ó sì fẹ̀ pẹlẹbẹ bí àwo. Abẹ́ aṣọ ni a ń so ó kọ́, ojú rẹ̀ a sì yọ ní ihò bọ́tìnì. Bí a bá fa okùn kan, àwòrán ti wọlé; mẹ́fà ni gíláàsì kan ń gbà. Lẹ́yìn náà ni ilé-iṣẹ́ Houghtons ní Lọ́ńdọ̀nù ṣe Ticka, iṣẹ́ ọpọlọ Magnus Niell, ọmọ ilẹ̀ Sweden, títí di ọdún 1914. Aago àpò ni lójú ẹni tí kò mọ̀: abẹ́ orí kékeré tí a fi ń yí aago ni ojú kámẹ́rà sá pamọ́ sí, àwòrán 25 ni ó sì lè yà.

Ní ìlú Kristiania, tí a ń pè ní Oslo nísinsìnyí, akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ń jẹ́ Carl Størmer ra kámẹ́rà Stirn ní 1893. Ó máa ń rìn ní òpópó Karl Johan, ó máa ń kí àwọn tí ó bá pàdé. Bí wọ́n bá ti ń dá a lóhùn, a fa okùn rẹ̀. Títí di 1897, àwòrán rẹ̀ ti tó nǹkan bí 500. Henrik Ibsen, òǹkọ̀wé eré ńlá nì, wà nínú wọn. Láyé ìgbà tí ènìyàn ń dúró gbagidi bí ère níwájú kámẹ́rà, àwọn wọ̀nyí ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń ṣí fìlà kíni. Ẹni tí ó ní kámẹ́rà Stirn ní ohun ẹlẹ́wà. Ẹni tí ó rí àwòrán Størmer rí ìlú kan tí ó ti kọjá lọ.

A kò ṣàì mọ̀ pé ẹ̀sùn ń bẹ níbẹ̀. Yíya ènìyàn láìgba àṣẹ rẹ̀ dà bí kí á yọjú wo inú ilé onílé. Ní 1908, Arthur Barrett fi kámẹ́rà pamọ́ sínú fìlà rẹ̀ ní ilé-ẹjọ́ Bow Street ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì ya Emmeline Pankhurst àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí ń jà fún ẹ̀tọ́ ìdìbò obìnrin. Àwòrán náà ṣe ìtàn lóore. Síbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò bi àwọn obìnrin náà léèrè. Nítorí èyí gan-an ni olùkójọ fi gbọ́dọ̀ tú àṣírí náà sí gbangba: ta ni ó ṣe é, ta ni ó lò ó, ojú ta ni ó mú. Ẹni tí ó tì í mọ́ inú àpótí láìkọ ìtàn rẹ̀ ti fi í pamọ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹ̀yin olóyè àti ọ̀mọ̀wé ìlú wa, ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. A kò wí pé kí ẹ lọ ra aago ayàwòrán. Àwòrán àwọn baba wa ń bẹ lára ògiri ilé yín. Bí àgbà tí ó mọ orúkọ wọn bá sùn, ojú aláìlórúkọ ni yóò kù fún àwọn ọmọ wa. Ẹ mú pẹ́ńsù, ẹ kọ orúkọ àti ọdún sí ẹ̀yìn wọn. Iṣẹ́ náà kò gba owó, ṣùgbọ́n kò ṣeé fi di ọ̀la.