Ẹ̀rọ tó mọ ilà fà, àmọ́ tí kò mọ "ẹ" kọ

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ jẹ́ n rojọ́ kan fún yín. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló pè mí wálé sí Eruku pé kí n wá bá ìdílé kọ àdéhùn ilẹ̀ oko, torí èmi ni mo kàwé òfin nínú wa. Bàbá ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí náà Yorùbá ni mo fi kọ ọ́. Mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan kí wọ́n bá mi tẹ̀ ẹ́ jáde. Ilà tábìlì tí mo to ààlà ilẹ̀ sí gún régé. Àmọ́ níbi tí mo kọ "ọwọ́ ọ̀tún" sí, "□w□ □tún" ni mo bá níbẹ̀. Bàbá wò ó títí, wọ́n ní: "Ọmọ mi, mi ò ní fọwọ́ sí ohun tí mi ò lè kà."

Kí ló fà á? Lẹ́tà tí ẹ̀rọ ò bá ní àwòrán rẹ̀, àpótí òfìfo ló máa ń fi dí àyè rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí sì ti pẹ́. Nígbà tí IBM gbé kọ̀ǹpútà PC rẹ̀ jáde lọ́dún 1981, àyè 256 péré ló wà fún gbogbo lẹ́tà àti àmì tó lè hàn lójú rẹ̀. Wọ́n ya 40 nínú rẹ̀ sọ́tọ̀ fún ilà lásán, èyí tí wọ́n fi ń fa tábìlì. "É" àti "è" wà níbẹ̀ nítorí àwọn ará Yúróòpù. Ẹ, ọ, ṣ ńkọ́? Kò sí ẹyọ kan. Bẹ́ẹ̀ láti 1875 ni ìpàdé kan ní Èkó ti fẹnu kò lórí bí a ó ṣe máa kọ Yorùbá.

Ẹnìkan lè ní ayé àtijọ́ nìyẹn. Òótọ́ ni. Láti 1993 ni ẹ, ọ àti ṣ ti ní nọ́ńbà tiwọn nínú Unicode, àkójọ lẹ́tà tí gbogbo ayé ń lò. Àmọ́ títí dòní, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó ń tẹ rìsíìtì ló ṣì ń fi àkójọ 1981 yẹn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí kọ̀ǹpútà kan bá sì fi UTF-8 kọ̀wé, tí òmíràn fi àkójọ àtijọ́ tí wọ́n ṣe fún Yúróòpù kà á, ṣ á di "á¹£", ilà tábìlì pàápàá á dàrú. Oògùn rẹ̀ ò ju pé kí àwọn méjèèjì lo UTF-8, kí fọ́ǹtì tó ní lẹ́tà wa sì wà lórí wọn.

Apá 55 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 gbà kí wọ́n lo Yorùbá, Háúsá àti Íbò pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀, nígbà tí ètò tó péye bá ti wà. Ètò wo ló fẹ́ péye, tí ẹ̀rọ ò bá lè kọ "ẹ"? Lọ́jọ́ tí ẹjọ́ ilẹ̀ bá sì dé, ta ni yóò sọ ohun tó wà nínú àpótí fún adájọ́?

Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún ò le. Kí ìjọba ìbílẹ̀, ilé ẹjọ́, báńkì tàbí oníṣọ́ọ̀bù tó sanwó ẹ̀rọ, kí wọ́n ní kí ẹni tó ń tà á tẹ "ọwọ́ ọ̀tún" jáde lójú wọn. Tó bá mú àpótí wá, kó gbé ọjà rẹ̀ lọ.

Ní tèmi, mo yí fọ́ǹtì padà, a sì tún un tẹ̀. Bàbá kà á látòkè délẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ sí i.