Ẹ Má Fi Aago Eré Sílẹ̀ ní Òkú

Ó máa ń dùn mí bí mo bá rí Volkswagen ìjàpá tí wọ́n tún kùn, tó ń dán yinrin, ṣùgbọ́n tí abẹ́rẹ́ aago eré rẹ̀ sùn sórí òdo. Àwọn mẹkáníìkì kan á ní, "Bàbá, ẹ fi sílẹ̀, ṣebí ọkọ̀ ń rìn." Èmi ò gbà. Òfin ní kí a má kọjá 50 kìlómítà ní wákàtí kan nígboro. Kí ni awakọ̀ fẹ́ fi mọ̀ ọ́n?

Wáyà tó ń yí aago ìjàpá kò ti inú gíá wá bíi ti ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Àárín táyà iwájú lápá òsì ló ti ń bọ̀. Ẹ tú u lẹ́yìn aago, ẹ fa háńbíréèkì, ẹ fi jáàkì gbé táyà yẹn, kí ẹ fọwọ́ yí i. Bí wáyà inú bá ń yí, aago ló kú. Bí kò bá yí, ẹ wo ìdérí kékeré tó wà láàárín táyà: píìnì tín-ín-rín kan ló di ẹnu wáyà mú níbẹ̀, ó sì máa ń bọ́ sọnù. Píìnì wà níbẹ̀? A jẹ́ pé wáyà ti já nínú nìyẹn. Ẹ ra òmíràn. Bí abẹ́rẹ́ bá kàn ń gbọ̀n, ó lè jẹ́ pé gírísì ló gbẹ. Ẹ fi díẹ̀ pa wáyà, ṣùgbọ́n ẹ má fi kan apá òkè, kó má baà wọnú aago.

Mẹkáníìkì tó bá ní kí ẹ pààrọ̀ gbogbo aago láì kọ́kọ́ yí táyà, ẹ mú ọkọ̀ yín kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.