Bí ògiri ò bá lanu: ẹ̀yìn tó dúró ló ń gbé ife wálé

Ẹ wọ ilé ìwòran bọ́ọ̀lù èyíkéyìí lọ́jọ́ tí Super Eagles bá ń gbá bọ́ọ̀lù, láti Jakande títí dé Sangotedo, orúkọ tẹ́ ẹ máa gbọ́ jù kò ju méjì lọ: Osimhen àti Lookman. Bí a bá borí, àwọn ni. Bí wọ́n bá nà wá, àwọn náà ni: "Àwọn atamátàsé wa ò ṣe nǹkan kan." Mo fẹ́ bá yín jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí. Iwájú kọ́ ni ìṣòro wa. Ẹ̀yìn ni, àti àárín tó yẹ kó máa gbé bọ́ọ̀lù dání kí ẹ̀yìn lè mí.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ìṣirò tó dun gbogbo wa. Nàìjíríà ò rí ààyè nínú Ife Àgbáyé 2026. Ẹlẹ́ẹ̀kejì léra wọn rèé, nítorí a ò dé Qatar lọ́dún 2022 náà. Nínú ìsọ̀rí tí a wà, South Africa ló ṣe ipò kìíní pẹ̀lú àmì 18. Àwa àti Benin Republic ní 17. Àmì kan péré! Ó yá, ẹ padà sí ọjọ́ 25, oṣù Kẹta, ọdún 2025, nílùú Uyo. Osimhen ti gbá góòlù kan sílé Zimbabwe, gbogbo èèyàn ti ń palẹ̀ mọ́ láti lọ sílé, àfi bí Zimbabwe ṣe dá a padà ní ìṣẹ́jú 90. Ọ̀mì, 1-1. Ká ní a ṣọ́ ilé fún ìṣẹ́jú díẹ̀ sí i ni, àmì 19 là bá ní.

Nígbà tó di oṣù Kẹwàá, a gbá góòlù mẹ́rin sílé Benin Republic, Osimhen nìkan jẹ mẹ́ta. Inú wa dùn, ṣùgbọ́n ẹ̀pa ò bóró mọ́. A lọ sí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àfikún, a na Gabon 4-1, DR Congo sì fi pẹ́nárítì dá wa padà sílé. Góòlù mẹ́rin tí a jẹ lọ́jọ́ kan ò lè san gbèsè góòlù kan tí a jẹ́ kó wọlé ní ìṣẹ́jú tó gbẹ̀yìn. Bí a ṣe ń ka àmì nìyẹn, kò sí ẹ̀bẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ wo ìtàn wa náà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Super Eagles ti gba ife ilẹ̀ Áfíríkà: 1980, 1994 àti 2013. Ta ni balógun ikọ̀ lọ́dún 1980? Olóògbé Christian Chukwu, agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn. Lọ́dún 1994 ńkọ́? Olóògbé Stephen Keshi, agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn. Ta ló gbé ife sókè lọ́dún 2013? Joseph Yobo, agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn. Mi ò sọ pé Odegbami, Yekini àti Amunike ò ṣiṣẹ́ o, a mọ iṣẹ́ wọn. Àmọ́ ẹni tó dúró síbi tó ti lè rí gbogbo pápá, tó ń pariwo pé "ẹ padà, ẹ dúró," òun làwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá fi ṣe olórí nígbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ikọ̀ Keshi lọ́dún 2013 ló yé mi jù. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́fà, góòlù mẹ́rin péré ló wọlé wọn, kò sì sí ọjọ́ kan tí ju ẹyọ kan lọ wọlé. Oboabona wà níbẹ̀, ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún Sunshine Stars l'Ákùrẹ́ nígbà náà. Mikel àti Onazi wà láàárín, wọn kì í kánjú. Bí wọ́n bá gba bọ́ọ̀lù, wọ́n á gbé e dání, wọ́n á fi sáré, wọ́n á fi sùúrù fún ẹlòmíì. Góòlù kan ṣoṣo tí Sunday Mba jẹ ló na Burkina Faso nínú àṣekágbá.

Ẹ wá fi wé ìdíje tó wáyé ní Ivory Coast níbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024. Osimhen tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ládé agbábọ́ọ̀lù tó dáa jù ní Áfíríkà, góòlù kan ló jẹ níbẹ̀. Troost-Ekong tó ń gbá ẹ̀yìn jẹ mẹ́ta, òun ni wọ́n sì fún ní àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó dáa jù nínú ìdíje náà. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́rin léra wọn, ẹnì kan ò rí àwọ̀n Nwabali: Ivory Coast, Guinea-Bissau, Cameroon, Angola. Ẹ̀yìn ló gbé wa dé àṣekágbá.

Kí ló wá dé tí a pàdánù 2-1? Ẹni tó bá ní ẹ̀yìn ò wúlò ló máa kọ́kọ́ ju ìbéèrè yìí sí mi. Èsì mi rèé: ẹ̀yìn nìkan ò tó. Lẹ́yìn tí Troost-Ekong fi orí kan góòlù wọlé, a ò gbé bọ́ọ̀lù dání mọ́. A ń gbá a síta, wọ́n ń gbé e padà wá. Ẹni tó bá ń ti ilẹ̀kùn láti àárọ̀ dalẹ́, ọwọ́ rẹ̀ á ro. Kessié dá a padà, Haller sì parí rẹ̀ ní ìṣẹ́jú 81.

Àwọn Amẹ́ríkà mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa nínú bọ́ọ̀lù tiwọn, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sáré. Lọ́jọ́ 8, oṣù Kíní, ọdún 2024, Yunifásítì Michigan pàdé ti Washington nínú àṣekágbá àwọn yunifásítì. Washington ló ní ọmọ tó mọ bọ́ọ̀lù jù sí ọ̀nà jíjìn, eré wọn dùn ún wò. Michigan kàn ń gbé bọ́ọ̀lù sáré lórí ilẹ̀ ni, yáàdì 303 ni wọ́n fẹsẹ̀ sá. Bí wọ́n ṣe ń sáré ni aago ń lọ, àwọn tó ń ṣọ́ ilé wọn ń sinmi, ọmọ Washington yẹn sì jókòó síta tó ń wòran. 34-13 ló parí sí. Lọ́dún 2022, ọmọ Yorùbá kan, Olusegun Oluwatimi, gba àmì ẹ̀yẹ Outland ní Michigan kan náà. Iṣẹ́ tó ń ṣe ni kó máa ti èèyàn kúrò lọ́nà kí ẹlòmíì lè rí ọ̀nà sá. Kò sẹ́ni tó ń kọrin fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ni.

Àwọn kan á ní Super Falcons ńkọ́? Ṣebí góòlù méjì ni Morocco ti fi ṣíwájú wọn ní oṣù Keje ọdún 2025 kí wọ́n tó yí i padà sí 3-2, tí wọ́n gba ife ẹlẹ́ẹ̀kẹwàá? Òótọ́ ni. Àmọ́ ẹ má gbàgbé pé ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́, góòlù kankan ò wọlé wọn. Nígbà tí South Africa fẹ́ dá wọn dúró, Michelle Alozie, agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn, ló gba gbogbo wa sílẹ̀ níṣẹ̀ẹ́jú tó kẹ́yìn. Àṣekágbá tí wọ́n yí padà yẹn, ẹ̀yìn tó le ló gbé wọn débẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá ládùúgbò wa níbí gan-an. Lórí pápá oníyanrìn tó ṣẹ́ kù ní Ajah, Badore àti Langbasa, ọmọ tẹ́ ẹ bá bi léèrè, á ní iwájú lòun fẹ́ máa gbá. Àwọn òbí ló ń dá kún un: "Kóòṣì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọmọ mi síwájú o, ibẹ̀ lówó wà." Ọmọ tí wọ́n bá ní kó lọ sẹ́yìn, ojú ìjìyà ló fi ń wò ó. Àbájáde rẹ̀ ni pé nínú ògiri tó gbé wa dé àṣekágbá 2024, Troost-Ekong, Bassey, Ajayi àti Aina, ìlú òyìnbó ni wọ́n ti kọ́ gbogbo wọn. Orúkọ Yorùbá ni Ajayi àti Aina, àmọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló tọ́ wọn. A kì í fi ojú olójú ṣòwò ká jèrè.

Ní ti owó, ẹ jẹ́ kí n fi òfin díẹ̀ kún un. Òfin FIFA sọ pé bí ẹgbẹ́ kan bá ra agbábọ́ọ̀lù tó ṣì wà lábẹ́ àdéhùn, ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó náà jẹ́ ti àwọn ẹgbẹ́ tó tọ́ ọ láti ọmọ ọdún 12 sí 23. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 18 pọ́n-ùn ni Fulham fi ra Bassey lọ́dún 2023. Ìdá márùn-ún rẹ̀ jẹ́ ẹgbẹ̀rún 900 pọ́n-ùn. Òfin ò bèèrè bóyá iwájú ló ń gbá tàbí ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tí ò bá forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ NFF, tí ò sì ní ìwé tó fi hàn pé òun ló tọ́ ọmọ, kí ló fẹ́ fi bèèrè?

Ohun mẹ́ta ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Ẹ̀yin kóòṣì, ẹ kọ́ àwọn ọmọ ní ìdúró àti bí wọ́n ṣe ń gbé bọ́ọ̀lù dání kẹ́ ẹ tó kọ́ wọn ní àrà. Ẹ forúkọ ẹgbẹ́ yín sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì tọ́jú ìwé. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ onílé estate àti ìjọba ìbílẹ̀ ní Etí-Ọ̀sà àti Ìbẹ̀jù-Lẹ́kí, ilẹ̀ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún pápá nínú àwòrán estate, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tà á.

Àwọn àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Ní Uyo, ògiri wa lanu fún ìṣẹ́jú kan péré. Ìṣẹ́jú yẹn la fi pàdánù Ife Àgbáyé.