Ó Tó Gẹ́ẹ́: Ẹ Gbé Owó Ìlú Kúrò Lórí Ẹ́tánọ́ọ̀lù Onígi

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2007, àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà fi òfin gbé ohun tí kò tíì sí sórí ọjà. Wọ́n ní kí àwọn ilé-iṣẹ́ ìfọpo lo 100 mílíọ̀nù gálọ́ọ̀nù epo tí a fi igi, koríko àti pòròpórò àgbàdo ṣe ní 2010, kí iye náà sì máa gòkè títí yóò fi di bílíọ̀nù 16 ní 2022. Nígbà tí 2010 dé, àjọ EPA tó ń bójú tó òfin náà já 100 mílíọ̀nù wálẹ̀ sí mílíọ̀nù 6.5. Ìwọ̀nba yẹn gan-an kò jáde. Ó di oṣù Kìíní 2013 kí ilé-ẹjọ́ tó wọ́gi lé iye tí EPA kéde fún 2012, nítorí pé ìfẹ́ àtirí epo náà ni àjọ yìí gbé lé orí òṣùwọ̀n, kì í ṣe epo tó wà nílẹ̀.

Ẹ́tánọ́ọ̀lù onígi ti gba owó ìlú tó. Kí ìjọba yòówù tó bá ṣì ń ya owó orí sọ́tọ̀ láti fi kọ́ irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ dáwọ́ dúró.

Ìmọ̀ tó wà nídìí rẹ̀ kì í ṣe irọ́ o. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, nǹkan kan ń jẹ aṣọ àgọ́ àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ní àwọn Erékùṣù Solomon. Èbù ni. Elwin Reese àti Mary Mandels yẹ irú èbù náà wò fínnífínní ní Natick, Massachusetts, wọ́n sì rí i pé ẹ́ńsáìmù tó ń sun jáde lára rẹ̀ ló ń gé sẹ́lúlóòsì, ohun tó gbé òwú àti igi dúró, di ṣúgà. Orúkọ Reese ni wọ́n fi sọ èbù náà: Trichoderma reesei. Bí ṣúgà bá sì ti wà, ìwúkàrà lè sọ ọ́ di ọtí.

Àmọ́ igi kì í ṣe aṣọ àgọ́. Lignin ló di sẹ́lúlóòsì mú nínú igi, bí símẹ́ńtì ṣe ń di ọ̀pá irin mú nínú òpó ilé. Ẹ́ńsáìmù kò ní rọ́nà wọlé àfi bí wọ́n bá kọ́kọ́ rún igi náà, tí wọ́n sì fi ásíìdì tàbí ooru omi tí wọ́n há mọ́nú àgbá irin tú u palẹ̀. Owó ńlá nìyẹn. Wọ́n á tún ra ẹ́ńsáìmù, tí apá kan rẹ̀ yóò lẹ̀ mọ́ lignin, tí kò ní ṣiṣẹ́ mọ́. Nínú ṣúgà tó jáde, irú kan wà níbẹ̀, xylose, tí ìwúkàrà lásán kì í fẹnu kàn. Ọtí tó bá ti ibẹ̀ wá kì í ki, omi rẹ̀ pọ̀ ju ẹ́tánọ́ọ̀lù lọ fíìfíì, iná púpọ̀ ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ dá kí wọ́n tó yà wọ́n. Lẹ́yìn gbogbo èyí, agbára tó wà nínú gálọ́ọ̀nù ẹ́tánọ́ọ̀lù kan kò ju nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ti bẹntiróòlù lọ.

Ní oṣù Kìíní 2006, Ààrẹ George W. Bush ti sọ níwájú àwọn aṣòfin pé àfojúsùn òun ni pé láàárín ọdún mẹ́fà, irú ẹ́tánọ́ọ̀lù yìí yóò lè bá epo yòókù du ọjà. Ilé-iṣẹ́ Mascoma kéde pé òun yóò kọ́ ibi ìṣe-epo onígi ní Kinross, ìpínlẹ̀ Michigan. Wọn kò kọ́ ọ. Púpọ̀ nínú àwọn tó kọ́ tiwọn parí, pòròpórò àti koríko ni wọ́n dojú kọ, ohun tó rọ̀ ju igi lọ. Abengoa ṣílẹ̀kùn ní Hugoton, Kansas, ní 2014, ìjọba àpapọ̀ sì ṣe onídùúró ẹ̀yáwó 132 mílíọ̀nù dọ́là fún un. Kí 2015 tó parí, ẹ̀rọ ti dákẹ́. Ọba ilẹ̀ Netherlands fúnra rẹ̀ wá síbi ìṣílé ilé-iṣẹ́ irú rẹ̀ ní Emmetsburg, Iowa. Ilé-iṣẹ́ yẹn náà dáwọ́ ọjà dúró. Èyí tó yẹ kó la gbogbo ènìyàn lójú ni ti DuPont. Òun fúnra rẹ̀ ń ṣe ẹ́ńsáìmù tà, oko àgbàdo yí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ní Nevada, Iowa ká, síbẹ̀ nǹkan bí ọdún méjì lẹ́yìn tó ṣí i ní 2015 ló kéde pé òun fẹ́ tà á. Ta ni yóò wá fi igi ṣe ohun tí DuPont kò lè fi pòròpórò ṣe?

Àwọn alátakò yóò nawọ́ sí Bùràsíìlì, níbi tí ilé-iṣẹ́ Raízen ti ń fi pàǹtí ìrèké ṣe ẹ́tánọ́ọ̀lù. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ṣúgà ti sanwó kíké, rírù àti fífún ìrèké yẹn ná. Ẹnu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ ni pàǹtí ń bá wọn. Wọn yóò tún dárúkọ Borregaard ti Sarpsborg, Nọ́wè, tó ti ń rí ẹ́tánọ́ọ̀lù lára igi láti 1938. Lignin àti fànílà wà lára ohun tí ilé-iṣẹ́ yẹn ń tà ní pàtàkì. Ẹ́tánọ́ọ̀lù jẹ́ èrè orí ọjà.

Àwíjàre wọn tó lágbára jù ni pé àgbàdo jẹ́ oúnjẹ, kò yẹ ká máa sun ún nínú mọ́tò. Kò yẹ lóòótọ́! Ṣùgbọ́n kí ni ìlérí igi ṣe fún àgbàdo? Ààbò ló fi bò ó. Òfin kan náà fàyè sílẹ̀ fún ẹ́tánọ́ọ̀lù àgbàdo dé bílíọ̀nù gálọ́ọ̀nù 15 lọ́dún, ìyẹn sì ń jáde pẹ̀lú ìrọ̀rùn, nígbà tí wọ́n ń sọ fáráyé pé igi ń bọ̀ wá gba ipò rẹ̀. Láti 2014 ni EPA sì ti gbà kí gáàsì inú ààtàn wà lára epo onísẹ́lúlóòsì. Òun ló kún ibi tí wọ́n pèsè sílẹ̀ fún igi jù báyìí.

Kí owó ìwádìí máa lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń wá ẹ́ńsáìmù tó dára jù, nítorí pé iṣẹ́ gidi ni. Kí sọ́ọ̀mílì tó ní ìyẹ̀fun pákó sun ún nídìí ẹ̀rọ tó ń gbẹ pákó, níbi tó wà, láìsí pé ó rin ìrìn àjò kankan. Kí àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà yọ àlá 2007 kúrò nínú ìwé òfin wọn, kí ẹni tó bá sì gbà gbọ́ pé igi yóò di epo mọ́tò fi owó ara rẹ̀ kọ́ ilé-iṣẹ́ náà, láìsí onídùúró.