Bí A Kò Bá Rí Òkú, Ṣé Ẹjọ́ Ti Parí?

Ẹnu ọjà ni mo ti gbé ọ̀rọ̀ tọ̀sẹ̀ yìí wá.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá, mo ń gba Ẹnu Ọ̀wá kọjá, níwájú Ìga Ìdúngànrán, ni mo bá rí ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ tíṣà. Ó jókòó sábẹ́ agbòòrùn Àlájà kan tó ń ta aṣọ, ó di ìwé kan tó ti gbó mú. Ta Ló Pa Ọmọ Ọba? ni ìwé náà, èyí tí Kọ́lá Akínlàdé kọ ní ọdún 1971. Ó fi ohùn rara ka àkọlé rẹ̀ sí mi létí. Àlájà bú sẹ́rìn-ín, ó ní, “Tíṣà, ẹ rọra o! Ṣé ẹ mọ ẹnu ọ̀nà ẹni tí ẹ jókòó sí ṣá?”

Ẹ̀rín yìí ló di àríyànjiyàn. Tíṣà ní kò sí apànìyàn tí ọwọ́ kò lè tẹ̀, bí a bá rí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó ní làákàyè bí Akin Olúṣínà inú ìwé Akínlàdé. Àlájà ní, “Ẹ gbàgbé ìyẹn, ìwé ni. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe, inú ọ̀sà ni yóò ju òkú sí. Bí kò bá ti sí òkú, kò sí ẹjọ́. Kí ni adájọ́ fẹ́ dì mú?” Àwọn méjèèjì kọjú sí mi pé kí n dá a. Mo ní kí wọ́n fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan, nítorí agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ìdájọ́ mi rèé.

Ọ̀dọ̀ Àlájà ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Àlájà mi, ẹ má bínú. Ọ̀rọ̀ yín ti kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀ ní Èkó yìí láti ọjọ́ pípẹ́.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1953, wọ́n pa oníwàásù Mùsùlùmí kan tí ń jẹ́ Àlùfáà Bisiriyu Apalara ní Oko-Baba, ní Èbúté-Mẹ́ta, òdìkejì ọ̀sà sí wa níhìn-ín. Àwọn àgbà Èkó tí wọ́n ti gbọ́njú nígbà náà kò gbàgbé orúkọ yìí títí wọ́n fi kú. Ìwàásù rẹ̀ máa ń gbóná mọ́ àwọn ẹgbẹ́ awo. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Awo Ọ̀pá ni ìjọba sì kó lọ sí ilé ẹjọ́ lórí ikú rẹ̀. Wọ́n wá òkú rẹ̀ títí, wọn kò rí i. Títí di òní, kò sí ẹni tó lè fi ọwọ́ tọ́ka sí sàréè Apalara.

Bí ọ̀rọ̀ Àlájà bá jẹ́ òtítọ́, ibẹ̀ ni ẹjọ́ ìbá parí sí. Kò parí síbẹ̀. Wọ́n ro ẹjọ́ náà, wọ́n dá àwọn afẹ̀sùnkàn lẹ́bi ìpànìyàn, ìdájọ́ ikú sì ni. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní ọdún 1954, ilé ẹjọ́ náà kò gbà pé àìrí òkú nìkan tó láti tú ẹjọ́ ká. Ìdájọ́ yìí wà nínú ìdìpọ̀ kẹrìnlá ìwé ẹjọ́ wọn, àwọn lọ́yà ilẹ̀ wa sì ń fà á yọ títí di ìsinsìnyí. Ní ọdún 1955 ni ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ sọ ohun tó jọ ọ́, nínú ẹjọ́ àgbẹ̀ kan tí a kò rí òkú alájọṣe rẹ̀ mọ́. Ẹ ò rí i pé ti Èkó ti wà nílẹ̀ kí tiwọn tó dé.

Kí ni òfin ń béèrè gan-an? Nǹkan mẹ́ta ni. Èkíní, kí ó dájú pé ẹni tí à ń wí ti kú. Èkejì, kí ó dájú pé ọwọ́ ẹni tí a mú wá ló pa á. Ẹ̀kẹta, kí ó dájú pé ó pinnu láti pa á, tàbí láti ṣe é léṣe gidigidi. Kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì dájú tó bẹ́ẹ̀ tí iyèméjì tó nítumọ̀ kò fi ní sí lọ́kàn adájọ́. Òkú wúlò púpọ̀ fún èkíní, ṣùgbọ́n òkú nìkan kọ́ ni ọ̀nà àtimọ̀ pé ènìyàn ti kú.

Síbẹ̀, n kò fẹ́ kí ẹ rò pé ọ̀rọ̀ Àlájà kò ní ẹsẹ̀ nílẹ̀ rárá. Ìbẹ̀rù tó wà nídìí rẹ̀ ti pẹ́ láyé. Ní ọdún 1660, ní ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Chipping Campden ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọkùnrin arúgbó kan tí ń jẹ́ William Harrison jáde nílé láti lọ gba owó ilẹ̀ fún ọ̀gá rẹ̀, kò sì padà wálé. Wọ́n mú ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀, John Perry. Nígbà tí wọ́n da ìbéèrè bò ó, ó ní ìyá òun àti ẹ̀gbọ́n òun ni wọ́n pa á. Kò sí òkú. Ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọ yìí ni wọ́n gbé lé. Ní ọdún 1661, wọ́n yẹgi fún ìyá, wọ́n yẹgi fún àwọn ọmọ méjèèjì. Ní ọdún 1662, Harrison rìn wọ ìlú padà pẹ̀lú ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó ní wọ́n jí òun gbé lọ tà sí oko ẹrú ni.

Ẹ wo ènìyàn mẹ́ta tí wọ́n ti rà sílẹ̀ nígbà tí “òkú” dé! Ìdí nìyí tí àwọn adájọ́ fi ń ṣọ́ra gidi bí òkú kò bá sí. Ìdí nìyí bákan náà tí òfin ìpínlẹ̀ wa, láti ọdún 2011, fi ní kí ọlọ́pàá tó bá ń gba ọ̀rọ̀ “èmi ni mo ṣe é” lẹ́nu ẹnikẹ́ni ya fídíò rẹ̀, tàbí kí lọ́yà ẹni náà wà níbẹ̀. Ẹnu tí a fi ipá là kì í sọ òtítọ́.

Ọ̀rọ̀ wá kan Tíṣà. Tíṣà, èmi náà fẹ́ràn ìwé yín. Àjà Ló Lẹrù tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ ní ọdún 1969, mo ti kà á ju ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ. Lápàdé, ọlọ́pàá tó ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́, tí kò jẹ́ kí ọ̀daràn sùn, ta ni kò ní fẹ́ irú rẹ̀ ní àdúgbò? Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ wérọ̀. Nínú ìwé, òǹkọ̀wé ti mọ apànìyàn kó tó mú gègé. Ó ti gbé àmì sílẹ̀ dè ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ rẹ̀. Ní ìgboro, ta ló ń gbé àmì sílẹ̀ dè wọ́n? Àwa ni. Aláta tó jí ní kùtùkùtù ló mọ ẹni tó kọjá. Alábàárù ló mọ ẹrù tó wúwo ju bí ó ṣe yẹ lọ. Tíṣà ló mọ ọmọ tí ẹ̀rù ń bà ní kíláàsì láti ìgbà tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀ nílé wọn. Bí àwọn wọ̀nyí bá dákẹ́, Lápàdé àti Olúṣínà lápapọ̀ kò lè ṣe nǹkan kan.

Àwa ará Ìsàlẹ̀ Èkó sì mọ̀ ọ́n dákẹ́. A ní òwe tí a fi ń ti ẹnu wa: “Ẹnu mi kọ́ ni wọ́n ti máa gbọ́ pé àjẹ́ ni ìyá ọba.” Mo mọ òwe yìí dáadáa, nítorí mo ti lò ó rí.

Ní nǹkan bí ọdún 1971, ọmọ ọdún méjìlá ni mí, ní agboolé kan tí kò jìnnà sí Ìga. Ìjà ṣẹ́ lóru láàárín àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin kan. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ọ̀kan nínú wọn, alábàárù ọmọ oníyá kan, ti kú. Mo wà lójú fèrèsé. Mo rí ẹni tí irin wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá mi fi ọwọ́ bò mí lẹ́nu, ó fà mí sẹ́yìn. Nígbà tí ọlọ́pàá dé láàárọ̀ tó ṣí ìwé rẹ̀, gbogbo agboolé ní àwọn ti sùn. Èmi náà ní mo ti sùn.

Ẹ gbọ́ èyí tó tún burú jù. Nígbà tí àwa tí a rí i dákẹ́, àwọn tí kò rí nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Wọ́n ní àlejò kan báyìí ni, ọkùnrin kan tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, tó jẹ́ pé kò sí níbẹ̀ lóru ọjọ́ náà rárá. “Wọ́n ní, wọ́n ní” di ńlá. Àwọn ọmọkùnrin fẹ́ lù ú pa. Ó sá kúrò ní Èkó pẹ̀lú aṣọ ọrùn rẹ̀. Wọn kò mú ẹnikẹ́ni lórí ikú náà. Ìyá olóògbé sì ń gbé igbá ẹ̀kọ́ rẹ̀ wá sí ẹnu ọ̀nà agboolé wa fún ọ̀pọ̀ oṣù. Kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ wa. Ó kàn ń wo ojú wa bí a ṣe ń wọlé tí a ń jáde. Ìyá mi kò ra ẹ̀kọ́ rẹ̀ rí, kò lè wò ó lójú.

Ohun tí mo kọ́ nìyẹn: ibi tí ẹni tó rí bá ti dákẹ́, ẹni tí kò rí ni yóò sọ̀rọ̀. Ìdákẹ́jẹ́ ló kọ́kọ́ tú apànìyàn sílẹ̀, òun náà ló tún fẹ́ pa aláìṣẹ̀.

Ẹlòmíràn lè ní ayé ti yí padà, pé ẹ̀rọ ló ń mú ọ̀daràn báyìí. Òótọ́ ni pé ìjọba Èkó ṣí ilé àyẹ̀wò DNA sí Broad Street ní ọdún 2017. Ṣùgbọ́n ẹ rántí oṣù kẹwàá ọdún 2020. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, iná jó ilé àyẹ̀wò yẹn, iná jó ilé ẹjọ́ gíga Igbóṣeré, àwọn jàǹdùkú wọ inú Ìga Ìdúngànrán pàápàá, wọ́n sì gbé ọ̀pá àṣẹ ọba jáde. Ẹ̀rọ a máa jóná, ìwé a máa jóná. Ènìyàn tó rí nǹkan tó sì rántí rẹ̀ ṣì wúlò.

Nítorí náà, ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ fi ìmọ̀ràn wọ̀nyí sọ́wọ́. Bí ẹ bá bá òkú ènìyàn níbìkan, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ má gbá ilẹ̀ ibẹ̀, ẹ má jẹ́ kí èrò tẹ ibẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ pe 112 tàbí 767. Ikú òjijì tí a kò mọ ìdí rẹ̀ ní ìwádìí tirẹ̀ lábẹ́ òfin Coroner ti Èkó tó ti wà láti ọdún 2007, ẹ má ṣe kánjú sin ín láti fi bo ojú ayé. Ẹ kọ aago tí ẹ rí nǹkan àti ohun tí ẹ rí sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí ọkàn ènìyàn a máa fi ìtàn kún ìtàn. Bí ẹ̀rù bá ń bà yín láti dá lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, ẹ mú lọ́yà tàbí àgbà àdúgbò dání. Bí wọ́n bá sì bi yín, èyí tí ojú yín rí ni kí ẹ sọ. Ẹ má fi ti etí kún un. “Wọ́n ní” kì í ṣe ẹ̀rí níwájú adájọ́. Okùn ọrùn ọmọ ọlọ́mọ ló máa ń dà.

Ìdájọ́ mi wá rèé. Àlájà jẹ̀bi: a lè má rí òkú, kí ẹjọ́ sì wà. Tíṣà náà kò jàre tán: ọgbọ́n ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kò tó, bí ará àdúgbò bá ti ẹnu pa. Kí Àlájà fi kóòkì tútù tu Tíṣà lára, kí Tíṣà sì yá Àlájà ní ìwé rẹ̀, ṣùgbọ́n kí wọ́n má tún ka àkọlé rẹ̀ sókè níwájú Ìga mọ́.

Ní tèmi, gbèsè kan ṣì wà lọ́rùn mi. Ìyá ẹlẹ́kọ ti kú tipẹ́. Bí mo bá ń gba ibẹ̀ kọjá, mo ṣì máa ń wo ẹnu ọ̀nà náà. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.